Ṣé O Mọ̀? Ogun, Ilẹ̀ Àfipágbà àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú Láti Yan Ibi Tí Wọ́n Fẹ́ Wà

Bí orílẹ̀-èdè kan bá kó ṣọ́jà wọ ilẹ̀ òmíràn lónìí, kíá ni rédíò á gbé e pé ó ti rú òfin àgbáyé. Òfin wo? Ta ló ṣe é? Àwọn wo ló ń dè, àwọn wo ló sì ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí òfin ń gbè lẹ́yìn ajagun

Ṣé o mọ̀ pé òfin tó ní kí a má jagun gba ilẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 ọdún lọ? Kó tó dé, ohun tí ọba tàbí ààrẹ bá fi ìbọn gbà ti di tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn amòfin Yúróòpù gan-an ló ń fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ búra pé àwọn ti ṣíwọ́? Ní 1790, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn kéde pé Faransé kò ní jagun gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin ilẹ̀ wọn ní 1791. Kò pé 20 ọdún sígbà náà tí Napoleon fi ń pín ìlú onílùú fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ láti jọba lé lórí.

Ṣé o mọ̀ pé Bràsíìlì náà kọ irú rẹ̀ sínú òfin ilẹ̀ rẹ̀ ní 1891? Abala 88 òfin náà ní Bràsíìlì kò gbọdọ̀ bá wọn lọ́wọ́ nínú ogun àfigbalẹ̀, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ le tó. Ó ku ọdún 37 kí àwọn alágbára ayé tó fẹnu kò sórí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé orílẹ̀-èdè 14 ló jókòó sí Berlin láti oṣù Bélú 1884 títí di oṣù Èrèlé 1885, láti ṣètò bí wọn yóò ṣe máa gba ilẹ̀ Áfíríkà láì bá ara wọn jà? Kò sí ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo lórí ìjókòó. Àwọn àgbà wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọ́n fá tiwa, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin.

Gègé wúrà ní Paris

Ṣé o mọ ọjọ́ tí ogun kọ́kọ́ di èèwọ̀ nínú òfin àgbáyé? 27 oṣù Ògún 1928 ni. Orílẹ̀-èdè 15 tọwọ́ bọ̀wé ní Paris pé àwọn kò ní fi ogun wá ohun tí àwọn ń fẹ́ mọ́. Frank Kellogg ti Amẹ́ríkà àti Aristide Briand ti Faransé ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Gègé wúrà ni wọ́n fi buwọ́ lù ú. Jámánì, Ítálì àti Jàpáànì wà lára àwọn tó buwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà. Kí ọdún 11 tó pé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọlé onílé.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé Paris yìí kò yan ọlọ́pàá, kò sì dárúkọ ìjìyà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó àwọn ọ̀gá ìjọba Hitler dé ilé ẹjọ́ ní Nuremberg, ìwé yìí kan náà ni àwọn adájọ́ dì mú ní 1946 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti dá ogun sílẹ̀, àti pé ẹni tó dá a sílẹ̀ gan-an lè fi orí ara rẹ̀ jẹ̀bi. Kí ìgbà náà tó dé, ìlú ló ń san owó ìtanràn bí ọba rẹ̀ bá jagun tí kò borí.

Ẹni gbépo lájà

Ṣé o mọ ohun tó jẹ́ ohun ìjà gidi fún òfin yìí? Kíkọ̀ ni. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1931, Jàpáànì gba Manchuria lọ́wọ́ Ṣáínà, ó sì sọ ọ́ ní Manchukuo. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1932, Henry Stimson, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí Jàpáànì àti Ṣáínà pé Amẹ́ríkà kò ní gbà pé ohun tí a fi ogun gbà ti di ti ẹni tó gbà á. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀, ọwọ́ olè á máa wúwo.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìgbà náà dìbò lórí Manchuria ní Geneva ní oṣù Èrèlé 1933, 42 ló dá Jàpáànì lẹ́bi, Jàpáànì nìkan ló sì gbè lẹ́yìn ara rẹ̀? Àwọn aṣojú rẹ̀ dìde, wọ́n jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn. Ní 1934, El Salvador tó jìnnà réré sí Ìlà Oòrùn Éṣíà wà lára ìwọ̀nba àwọn tó gbà pé Manchukuo jẹ́ orílẹ̀-èdè.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Soviet gbé Estonia, Latvia àti Lithuania mì ní 1940, Amẹ́ríkà kọ̀ láti fọwọ́ sí i fún ọdún 51? Ilé iṣẹ́ aṣojú wọn kò tì ní Amẹ́ríkà, àsíá wọn sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbẹ̀. Àwọn aṣojú darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ fún ìjọba tí kò sí nílé. Ní 1991, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ pé àwọn kò dá orílẹ̀-èdè tuntun sílẹ̀, pé àwọn kàn gba tàwọn padà ni. Púpọ̀ nínú ayé sì gbà fún wọn.

Ọba kan dúró ní Geneva

Ṣé o mọ̀ pé Etiópíà náà fọwọ́ sí ìwé Paris, tó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ tó wà ní Geneva, síbẹ̀ tí Ítálì tó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà kó ogun wọ ilẹ̀ rẹ̀ ní 3 oṣù Ọ̀wàrà 1935? Àjọ náà fòfin de títa àwọn nǹkan kan fún Ítálì, àmọ́ kò fòfin de epo rọ̀bì. Ọkọ̀ òfúrufú àti ọkọ̀ ogun Mussolini, olórí ìjọba Ítálì, kò sì lè rìn láìsí epo.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Haile Selassie, ọba Etiópíà, dìde láti sọ̀rọ̀ ní Geneva ní 30 oṣù Òkúdù 1936, àwọn oníròyìn Ítálì ń súfèé láti fi bò ó lóhùn? Ó dúró títí wọ́n fi kó wọn jáde. Lẹ́yìn náà ló fi èdè Amharic rò fún wọn bí wọ́n ṣe ń da gáàsì olóró lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí láti òkè. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí àjọ náà fi ká ìfòfindè tó wà lórí Ítálì kúrò. Ní 1938, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé Ítálì ló ni Etiópíà.

Ṣé o mọ̀ pé Mexico kò gbà? Títí dòní, ojúde kan wà ní Addis Ababa tó ń jẹ́ Mexico, òmíràn sì wà ní ìlú Mexico tó ń jẹ́ Etiópíà. Ní 5 oṣù Èbìbí 1941, Haile Selassie padà wọ Addis Ababa. Ọdún márùn-ún géérégé ni lẹ́yìn ọjọ́ tí ṣọ́jà Ítálì wọ ibẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ta ni?

Ṣé o mọ̀ pé Woodrow Wilson, ààrẹ Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń pè ní bàbá ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti yan ìjọba wọn, kò dárúkọ ẹ̀tọ́ náà nínú kókó 14 tó kà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1918? Oṣù tó tẹ̀ lé e ló tó mẹ́nu bà á. Yúróòpù ló sì ní lọ́kàn: Poland, Czechoslovakia àti àwọn bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tí kò ní lọ́kàn náà gbọ́? Níbi ìpàdé àlàáfíà ní Paris ní 1919, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Vietnam mú ìwé ẹ̀bẹ̀ wá. Òun ni wọ́n padà mọ̀ sí Ho Chi Minh. W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, pe ìpàdé àwọn aláwọ̀ dúdú síbẹ̀. Jàpáànì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ pé ẹ̀yà kan kò ju ẹ̀yà kan lọ. Nínú 17 tó wà lórí ìjókòó, 11 fọwọ́ sí i. Wilson tó jẹ́ alága ní àfi kí gbogbo wọn fẹnu kò, ọ̀rọ̀ náà sì wọlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Tógò àti Kamẹrúùnù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì láàárín ara wọn, láì bi ará ibẹ̀ léèrè? Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1920, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia pàdé ní Accra, wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lu pínpín náà. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ní London fi ọ̀rọ̀ yìí ká Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mọ́? Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ló ṣe agbátẹrù WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925. Ní 14 oṣù Ògún 1941, Churchill àti Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, gbé ìwé Atlantic jáde, pé àwọn bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni Clement Attlee, tó jẹ́ igbákejì Churchill nínú ìjọba, bá WASU lálejò, ó sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹ̀yà, dúdú àti funfun. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùn. Oṣù kan kò tíì pé tí Churchill fi dìde nílé aṣòfin pé Yúróòpù tó wà lábẹ́ Hitler ni àwọn ní lọ́kàn. Ẹyin ọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ ná. Ní 1943, Nnamdi Azikiwe àti àwọn oníwèé ìròyìn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí London lórí ìwé Atlantic náà. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju ohun tí Churchill fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí lọ.

Àwọn tí wọ́n gbà ló wá di aṣòfin

Ṣé o mọ̀ pé nínú orílẹ̀-èdè 51 tó dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ ní 1945, mẹ́rin péré ló ti Áfíríkà wá? Íjíbítì, Etiópíà, Làìbéríà àti Gúúsù Áfíríkà ni. Ọwọ́ àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ sì ni ìjọba Gúúsù Áfíríkà wà.

Ṣé o mọ ohun tí ìwé òfin àjọ náà wí gan-an? Abala 2 ní orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ fi agbára, tàbí ìhàlẹ̀ agbára, dojú kọ ilẹ̀ tàbí òmìnira òmíràn. Abala 51 fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá kọlù láti gbèjà ara rẹ̀. Bí Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ náà bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ogun, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló lágbára láti fagi lé ìpinnu náà. Ó tó kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn sọ pé rárá.

Ṣé o mọ̀ pé Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún tó wọ àjọ náà? 7 oṣù Ọ̀wàrà 1960 ni, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn òmìnira. Lọ́dún yẹn nìkan, orílẹ̀-èdè 17 ló wọlé, 16 nínú wọn láti Áfíríkà. Ojú àpéjọ yí padà. Ní 14 oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà ni wọ́n dìbò pé kí ìjọba amúnisìn dópin láìfi falẹ̀. 89 ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tó ní rárá, mẹ́sàn-án ta kété. Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù, Potogí àti Sípéènì wà nínú àwọn mẹ́sàn-án náà.

Ṣé o mọ̀ pé Potogí ní ilẹ̀ kékeré kan nílùú Ouidah, ní Dàhómì, títí di 1961? Ilé olódi kan pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ ni, tí kò ju bí sarè méjì mẹ́ta lọ. Dàhómì ní kó di 1 oṣù Ògún, tí òmìnira àwọn yóò pé ọdún kan, kí wọ́n kúrò. Lisbon kò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n fi wérewère kó ẹrù. Aṣojú Potogí tó ń gbé ibẹ̀ dáná sun ilé náà kó tó jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà, Íńdíà fi ṣọ́jà gba Goa lọ́wọ́ Potogí ní nǹkan bí ọjọ́ méjì? Àwọn aláwọ̀ funfun ní Íńdíà rú òfin. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira dáhùn pé ogun àfipágbà ni Potogí fi dé Goa tẹ́lẹ̀, pé onílẹ̀ ló kàn wá mú ohun ìní rẹ̀. Soviet fagi lé ìpinnu tí ìbá dá Íńdíà lẹ́bi. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba 1974 ni Potogí tó gbà pé Goa ti lọ.

Ìdìbò tó ní ibi tó mọ

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Tógò tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ́kọ́ ṣe alábòójútó ìdìbò tí ará ìlú fi ń yan ibi tí wọ́n fẹ́ wà, fún ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀? 9 oṣù Èbìbí 1956 ni. Ìpín 58 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí àwọn dara pọ̀ mọ́ Gold Coast, tó di Gáná lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn Ewe tó wà ní gúúsù kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ènìyàn wọn wà lápá Faransé. Àpapọ̀ ìbò ni wọ́n kà, ààlà sì gba àárín ẹbí kọjá títí dòní.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Kamẹrúùnù apá Gẹ̀ẹ́sì dìbò ní oṣù Èrèlé 1961, ohun méjì péré ló wà níwájú wọn: Nàìjíríà tàbí Kamẹrúùnù? Kò sí àyè fún òmìnira tiwọn. Àríwá yan Nàìjíríà. Ní gúúsù, 233,571 yan Kamẹrúùnù, 97,741 yan Nàìjíríà. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Yaoundé láti 2016, ẹ̀ka rẹ̀ kan wá láti inú àpótí ìbò yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì kọ síra wọn ní 1913 ló gba Bakassi kúrò lọ́wọ́ Nàìjíríà? Nàìjíríà rò ó fún Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague pé àdéhùn ààbò ni àwọn ọba àti ìjòyè Calabar bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1884, pé ẹni tí a fi ṣọ́ ilé kò lágbára láti ta ilé. Ní 10 oṣù Ọ̀wàrà 2002, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì lágbára láti fa ààlà ibi tó wù ú. Ọmọ Abẹ́òkúta kan wà lórí ìjókòó, Bọ́lá Ajíbọ́lá, tí Nàìjíríà yàn sínú ẹjọ́ náà. Ó kọ ìdájọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, pé òun kò fara mọ́ ti àwọn tó pọ̀ jù. Òun kan náà ló wá ṣolórí ikọ̀ Nàìjíríà nínú ìgbìmọ̀ tó mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Ní 14 oṣù Ògún 2008, wọ́n fa ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ tán. Kò sí ìdìbò fún àwọn apẹja tó ń gbé ibẹ̀.

Ààlà tí a kò fà, tí a ń ṣọ́

Ṣé o mọ̀ pé àwọn olórí Áfíríkà fúnra wọn ló pinnu ní Cairo, ní oṣù Agẹmọ 1964, pé kí ààlà tí àwọn amúnisìn fà dúró bó ṣe wà? Mòrókò àti Sòmálíà nìkan ló ta kò ó. Ẹ̀rù ló bà wọ́n: bí a bá ṣí ìdí ẹnì kan, ta ni a ò ní ṣí tirẹ̀?

Ṣé o mọ ohun tí ààlà náà ṣe nílẹ̀ Kétu? Ní 10 oṣù Ògún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ìlà kan. Kétu, níbi tí ààfin Alákétu wà, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ti Kétu láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ bí àwọn ará apá Faransé ṣe ń sá kọjá sápá Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́ tipátipá àti ogun tí wọ́n ń fi ipá mú ọ̀dọ́ lọ. Wọn kò rí ibi tí wọ́n á ti dìbò. Wọ́n ṣáà di ẹrù wọn lóru, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ará wọn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé orílẹ̀-èdè márùn-ún péré ló gbà pé Biafra jẹ́ orílẹ̀-èdè? Tanzania ló ṣíwájú ní 1968. Gabon, Côte d'Ivoire, Zambia àti Haiti tẹ̀ lé e. Ìpinnu Cairo ni àwọn yòókù nílẹ̀ Áfíríkà dì mú.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó já nínú okùn náà, ìfohùnṣọ̀kan ló tú wọn sílẹ̀? Eritrea jagun fún 30 ọdún kó tó dìbò ní 1993. Gúúsù Sudan dìbò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2011, ó ju ìpín 98 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó ní kí wọ́n yà. Ìjọba tí wọ́n ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ti gbà kí wọ́n tó dìbò.

Ṣé o mọ̀ pé Ìwọ̀ Oòrùn Sahara ṣì ń retí ìdìbò tirẹ̀? Ní 16 oṣù Ọ̀wàrà 1975, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìbáṣepọ̀ kan wà láàárín ọba Mòrókò àti àwọn ẹ̀yà kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti gba ẹ̀tọ́ ará ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ náà gan-an, Ọba Hassan II kéde pé òun yóò kó ènìyàn 350,000 rìn wọ ibẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Bélú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán ikọ̀ lọ ní 1991 láti ṣètò ìdìbò. Títí dòní, wọn kò tíì dìbò.

Èkó 1861, Vienna 1969

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́ ẹnu ìbọn ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó? Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu ìlú náà ní oṣù Ọ̀pẹ 1851 láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò kí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ọmọ Akítóyè, Dòsùmú, ló wà lórí ìtẹ́ nígbà tí wọ́n pè é sínú ọkọ̀ ogun Prometheus ní ìparí oṣù Agẹmọ 1861. McCoskry, tó ń ṣe adelé kọ́ńsù, àti Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ náà, sọ fún un pé ìjọba wọn fẹ́ gba ìlú pátápátá. Ọba kò fẹ́, àwọn ìjòyè kò fẹ́. Ọkọ̀ ogun sì wà lójú omi, ìbọn rẹ̀ dojú kọ Èkó. Ní 6 oṣù Ògún, Dòsùmú fọwọ́ sí i. Àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún ni wọ́n padà bù fún un.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Èkó ló wá jókòó sórí àga níbi tí ayé ti sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ di òfo? Taslim Olawale Elias ni, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1914. Ní 1968 àti 1969, àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ sí Vienna láti ṣe òfin lórí àdéhùn, Elias sì ni alága ìgbìmọ̀ gbogbo ilé tó yẹ abala kọ̀ọ̀kan wò. Abala 52 ní àdéhùn tí a bá fi agbára ogun tàbí ìhàlẹ̀ rẹ̀ gbà, tó lòdì sí ìwé òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, asán ni. Àwọn orílẹ̀-èdè tuntun fẹ́ kí wọ́n ka ìfúngun owó àti ìṣèlú náà mọ́ agbára. Àwọn alágbára kọ̀. Wọ́n fi ìkéde kan sẹ́yìn ìwé náà láti fi pẹ̀tù sí i.

Ṣé o mọ̀ pé abala 52 kò lè ran Dòsùmú lọ́wọ́? Òfin náà kò wo ẹ̀yìn. Bí ti Bakassi náà ló rí: òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má jagun gba ilẹ̀ mọ́ ló ń ṣọ́ ààlà tí àwọn ajagun àtijọ́ fà. Ṣùgbọ́n ohun kan bọ́. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London dájọ́ fún Olóyè Olúwa, Amọ́dù Tìjání, lórí ilẹ̀ Apapa, pé ìwé 1861 gbé àṣẹ ìjọba fún Gẹ̀ẹ́sì, kò gba ilẹ̀ ẹbí lọ́wọ́ ẹbí.

Ṣé o mọ̀ pé Kúbà ní irú ìwé yìí tirẹ̀? Láti 1903 ni Amẹ́ríkà ti ń lo Guantánamo, lábẹ́ àdéhùn tí kò lè parí àfi bí àwọn méjèèjì bá gbà tàbí bí Amẹ́ríkà bá fi ibẹ̀ sílẹ̀. Owó ilé rẹ̀ jẹ́ dọ́là 4,085 lọ́dún. Amẹ́ríkà ń fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọ̀kan tí wọ́n gbà ní 1959, Kúbà kì í gba owó rẹ̀ ní báńkì. Nígbà ayé rẹ̀, Fidel Castro a máa kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Elias ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé, láti 1982 sí 1985? Ó wà lára àwọn adájọ́ tó dá Amẹ́ríkà lẹ́bi ní 27 oṣù Òkúdù 1986 nítorí ohun tó ṣe sí Nicaragua. Amẹ́ríkà kò san kọ́bọ̀. Nígbà tí Nicaragua gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìgbìmọ̀ Ààbò, Amẹ́ríkà fagi lé e.

Lójú wa yìí

Ṣé o mọ̀ pé ó gba Ìgbìmọ̀ Ààbò ní ọ̀sẹ̀ kan péré láti sọ ìwà Iraq di asán ní 1990? Ní 2 oṣù Ògún, Saddam Hussein wọ Kuwait. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, gbogbo ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé bó ṣe so ilẹ̀ náà mọ́ tirẹ̀ kò tẹ̀wọ̀n. Ní oṣù Èrèlé 1991, wọ́n ti lé e jáde. Kò sí èyíkéyìí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwọn márùn-ún tó lè fagi lé ìpinnu.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbìmọ̀ kan náà ló fẹnu kò ní 1981 pé asán ni bí Ísírẹ́lì ṣe fi òfin rẹ̀ bo Golan tó gbà lọ́wọ́ Syria? Ní 2019, Amẹ́ríkà tó dìbò bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ náà gbà pé ti Ísírẹ́lì ni.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1994, Ukraine yọ̀ǹda àwọn ohun ìjà átọ́míìkì tó jogún, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì sì fọwọ́ sí i ní Budapest pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà rẹ̀? Ní 2014, Rọ́ṣíà gba Crimea. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ ní 2022, Rọ́ṣíà fagi lé ìpinnu Ìgbìmọ̀ Ààbò, wọ́n bá gbé e lọ sí àpéjọ gbogbo ilé. Ní 12 oṣù Ọ̀wàrà, orílẹ̀-èdè 143 ní àwọn kò gbà pé agbègbè mẹ́rin tí Rọ́ṣíà so mọ́ ara rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Márùn-ún ní rárá, Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, 35 ta kété.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tó gún régé jù lórí ogun náà, ẹnu aṣojú Kẹ́ńyà, Martin Kimani, ló ti jáde? Ní 21 oṣù Èrèlé 2022, ó rán Ìgbìmọ̀ Ààbò létí pé ààlà Áfíríkà kò tẹ́ àwa tí a wà nínú rẹ̀ lọ́rùn, pé ẹbí wa wà ní òdìkejì, àmọ́ bí a bá ní ká máa fi ogun tún un fà, a ó máa pa ara wa títí láé ni.

Ṣé o mọ̀ pé èèyàn kékeré máa ń jàre nígbà mìíràn? Gẹ̀ẹ́sì yọ erékùṣù Chagos kúrò lára Mauritius ní 1965, ó sì kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò kí Amẹ́ríkà lè kọ́ àgọ́ ológun sí Diego Garcia. Ní 25 oṣù Èrèlé 2019, adájọ́ 13 nínú 14 ní The Hague sọ pé yíyọ náà kò bófin mu, pé kí Gẹ̀ẹ́sì kúrò níbẹ̀. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣẹ. Síbẹ̀ ní oṣù Èbìbí 2025, London buwọ́ lu àdéhùn láti dá erékùṣù náà padà.

Òfin yìí kò tíì dá ọkọ̀ ogun kankan dúró sójú ọ̀nà rí. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹni tó gba ilẹ̀ onílẹ̀ sùn dọ́kàn, níwọ̀n ìgbà tí àwọn yòókù bá ṣì ń kọ̀. Nítorí náà, bí rédíò bá tún gbé e pé ẹnì kan ti gba ilẹ̀ ẹlòmíràn, má ṣe béèrè ẹni tó gbà á nìkan. Wo àwọn tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.